Epo Ààrò Kì í Ṣe Epo Ọkọ̀

Santasi, Kùmásì
12 Jánúárì, 2024

Munir,

Àsàlámù aléékúmù. Mo kí ọ nítorí pé ẹ̀sìn ní kí n kí ọ. Ṣé otútù Ítálì kò tíì pa ọ́? Ṣé ò ń jẹun? Ó dáa, ìkíni ti parí.

Ìwé ni mò ń kọ sí ọ nítorí mo ti ní kí Hàníyyà àbúrò rẹ dí nọ́ńbà rẹ lórí fóònù mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lásìkò yìí, èpè ni yóò jáde lẹ́nu mi, n kò sì fẹ́ ṣépè fún ọmọ tí mo fún lọ́mú. Afia aládùúgbò wa tó ń padà sí Torino ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ. Má bi í ní ohunkóhun, kò mọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà nínú ọgbà, mò ń fa epo tó ti tòrò láti inú dúrọ́ọ̀mù, àfi gbàgà lẹ́nu géètì. Àwọn awakọ̀ tròtrò tó ń kó èrò láti Santasi lọ sí Adum ló rọ́ wọlé. Kofi ló ṣáájú wọn, ọmọkùnrin gíga yẹn tó máa ń gbé èmi àti ẹrù mi tí kì í gba owó ẹrù. Ó da epo inú kẹ́ẹ̀gì kan sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Maame, hwɛ! Wò ó dáadáa. Ṣé tìẹ kọ́ nìyí?"

Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Epo mi ni. Wọ́n ti fi dísẹ́ẹ̀lì là á, wọ́n sì tà á fún àwọn awakọ̀ ní dísẹ́ẹ̀lì pọ́ọ́kú. Ẹ́ńjìn ọkọ̀ Kofi gan lójú ọ̀nà Adum tòun tèrò. Ọlọ́kọ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bóyá otútù ti gbà á lọ́pọlọ rẹ. Ọ́ìlì dúdú tí àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe bá fà jáde lára ẹ́ńjìn ni mò ń gbà. Màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Tí pẹtiróòlù bá ti wà níbẹ̀, mo kọ̀ ọ́, nítorí iná. Màá da èyí tó dáa sínú dúrọ́ọ̀mù, màá fi í sílẹ̀ kí omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ni màá fà, màá fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì tó ti gbó sẹ́ ẹ, màá wá gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́ kí omi tó kù lè gbẹ. Tí mo bá kán díẹ̀ sórí irin gbígbóná tí kò ta pàràpàrà, ó ti jinná nìyẹn. Àwọn tó ń yọ́ páànù da ìkòkò ni mò ń tà á fún kí wọ́n fi dáná. Epo ààrò ni. Bàbá rẹ kò ta ife kan ṣoṣo fún ọlọ́kọ̀ títí ó fi kú.

Zúbàírù kan ló ń ra epo lọ́wọ́ mi láti ìgbà Iléyá. Ó ní àwọn tó ń da ìkòkò ní Techiman lòun ń kó o lọ fún. O mọ̀ pé n kì í tajà fún ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ní, "Ìyá mi Àtọ́kẹ́, ẹ kú ilé o." Munir, orí mi wú. Ní gbogbo Kùmásì yìí, Maame Sabi ni wọ́n ń pè mí. Oríkì tí ìyá mi sọ mí l'Ógbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ nìkan ló ń fi pè mí, inú yàrá ló sì ti ń pè é, ó sì ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Ta ló ń mọ oríkì ẹni bí kò ṣe ẹbí ẹni? Mo rò pé àwọn ará ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló rán an. Mo bu oúnjẹ fún un, mo ṣí ọgbà sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè kan ni mo ní, mo sì fẹ́ èsì rẹ̀. Ta ló sọ fún Zúbàírù pé Àtọ́kẹ́ ni mí?

Ìyá rẹ,
Sàbírátù


Torino, Ítálì
3 Fẹ́búárì, 2024

Ìyá mi,

Wà aléékúmù sàlám. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò bá yín, ẹ ti dí fóònù mọ́ mi. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀? Àwọn tí à ń jọ gbé yàrá ń bá ìyá tiwọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń kọ ìwé bí ẹlẹ́wọ̀n. Inú ń bí mi, n kò sì ní díbọ́n.

Ẹ bèèrè bóyá mò ń jẹun, ẹ ò dúró gbọ́ èsì. Inú yàrá yìnyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, itan màlúù ni mò ń gbé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìka mi kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Ẹ ò bi mí léèrè ìyẹn. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ sin ín tán kí ẹ tó pè mí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn awakọ̀ kan gan, ìwé ti dé kíá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Kofi yẹn mọ ohun tó ń rà. Ta ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà tí yóò máa retí pé ó pé? Pọ́ọ́kú ló fẹ́, pọ́ọ́kú ló rí. Zúbàírù ló sì lù ú ní jìbìtì, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ sọ fún wọn pé ṣe ló jí epo náà lọ́gbà yín. Ta ló fẹ́ wádìí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ẹ bá mi ní kí Hàníyyà ṣí fóònù. Ẹ bá mi kí i.

Ọmọ yín,
Munir


Santasi, Kùmásì
18 Fẹ́búárì, 2024

Munir,

Kí àlàáfíà wà pẹ̀lú rẹ, bí o bá lè rí i gbà. Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà, mo ń wá ìdáhùn mi, n kò rí i. O rí àyè kọ itan màlúù, o rí àyè kọ òkú bàbá rẹ, o ò rí àyè kọ Àtọ́kẹ́. Ṣé o rò pé arán ti ń ṣe mí ni?

Òkú bàbá rẹ tí o ń gbé sókè yẹn, Mùsùlùmí ni. Ó kú láàárọ̀, a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí wọ́n ṣe sin bàbá tirẹ̀ nìyẹn. Ṣé yàrá yìnyín tìrẹ ni kí n gbé e sí dè ọ́? Má fi òkú bo àṣírí ara rẹ mọ́. Ó dùn mí gan-an pé o ṣe bẹ́ẹ̀.

O ní kí n purọ́. Jókòó kí n sọ ìdí tí n kò fi ní purọ́. Nígbà tí ìjọba lé àwọn Yorùbá kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, bàbá bàbá rẹ kó aya àti ọmọ sínú lọ́rì, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọgbà yìí lé Kwasi aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló padà wá tí wọ́n bá ẹlòmíì nínú ilé wọn. Nígbà tí bàbá bàbá rẹ padà dé, Kwasi na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní, "O kò rẹ́ mi jẹ rí." Ìdí nìyẹn tí o fi ní ilé tí o lè máa sọ pé o kúrò níbẹ̀.

Báyìí, ẹnì kan ti fi èédú kọ ọ́ sára géètì mi: Alata krɔmfo. Olè Yorùbá. Mo fọ̀ ọ́, wọ́n tún kọ ọ́. Tí ẹnì kan nínú wa bá rẹ́ni jẹ nílùú yìí, gbogbo wa ló rẹ́ni jẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Àwọn tó ń da ìkòkò kò wá mọ́. Dúrọ́ọ̀mù epo kún inú ọgbà, n kò rí ẹni rà á. Ní ọjà, tí mo bá kí wọn, wọ́n á wo ibòmíì kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Kofi ń wá lójoojúmọ́ wá bú mi lẹ́nu géètì, mo sì ń gbọ́ ọ.

O ní pọ́ọ́kú ló fẹ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé aṣọ olówó ńlá lo wọ̀ lọ sí Ítálì? Àlòkù tí mo rà fún ọ lórí ilẹ̀ ní Adum lo wọ̀ lọ.

Zúbàírù ti sá lọ sí Lomé. Tí Ramadan bá parí, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti àwọn àgbà Yorùbá yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á bi mí, mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìyá rẹ,
Sàbírátù


Santasi, Kùmásì
20 Máàṣì, 2024

Munir,

Mò ń gbààwẹ̀, kò yẹ kí n máa bínú, ṣùgbọ́n mò ń bínú. Ẹni tó mú ìwé mi wá fún ọ ní òun fi í lé ọ lọ́wọ́, o kà á níṣojú òun, o sì rẹ́rìn-ín. Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Sọ fún mi kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń retí èsì.

Ìyá rẹ


Torino, Ítálì
2 Épírì, 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín.

Ó dáa. Èmi ni. Èmi ni mo sọ Àtọ́kẹ́ fún Zúbàírù. Ọ̀rẹ́ mi ni, àdúgbò Ayigya ní Kùmásì la ti mọra. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣí géètì fún ẹni tí ẹ ò mọ̀, mo wá kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?

Kí ló burú nínú rẹ̀? Ẹ ti dàgbà, ẹ̀yin náà lẹ ṣì ń yí dúrọ́ọ̀mù, aṣọ yín dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó ń da ìkòkò ń ra epo yín bó ṣe wù wọ́n. Mo fẹ́ kí ó lọ síbi tó ti níyì, sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì sọ fún mi lórí fóònù, nínú Ramadan èṣí, ẹ ní, "Munir, epo mi mọ́ débi pé ọkọ̀ pàápàá lè mu ún." Ẹ̀rín lẹ tún ń rín. Mo gbà yín gbọ́. Tí ìyá ẹni bá sọ̀rọ̀, ṣé kí ọmọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ fítà kí ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò ni? Torí náà ẹ má di gbogbo ẹ̀bi rù mí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ohunkóhun tí mo bá dáwọ́ lé, ọ̀ràn ni lójú yín. Ó ti sú mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Lọ́jọ́ ìjókòó yẹn, ẹ má dárúkọ mi. Àwa ará Kùmásì pọ̀ ní Torino níbí, ẹgbẹ́ wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ni. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Santasi láàárọ̀, a ti gbọ́ ọ kí a tó jẹun ọ̀sán. Tí ẹ bá dárúkọ mi, ẹ ti bà mí jẹ́ níwájú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Zúbàírù ti sá. Ẹni tó sá, òun la ń pè lólè. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kì í tú àṣírí ọmọ.

Munir


Santasi, Kùmásì
19 Épírì, 2024

Munir,

A gbààwẹ̀ tán, a ti ṣọdún. Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó, bí mo ṣe ń wọ bàtà.

Tí mo bá ní ọbẹ̀ mi dùn débi pé òkú lè jí jẹ ẹ́, ṣé wàá ru ìkòkò lọ sí itẹ́ òkú? Mò ń bá ọmọ mi fọ́nnu ni! Ṣé n kò gbọdọ̀ fọ́nnu fún ọmọ mi mọ́ ni? Inú ọgbà yìí la bí ọ sí. Ìwọ àti bàbá rẹ lẹ jọ ń sẹ́ epo títí irungbọ̀n fi hù ọ́. O mọ̀ pé ohun tí ààrò ń jẹ kọ́ ni ọkọ̀ ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo gbà mí gbọ́, ò bá pè mí, ò bá ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa tà á fún ọlọ́kọ̀." O ò pè mí, nítorí o mọ ohun tí màá sọ. Ṣe lo mú orúkọ tí bàbá rẹ fi ń kẹ́ mi, o gbé e fún àjèjì kí ó fi wọlé tọ̀ mí. Èyí dùn mí ju ti ẹ́ńjìn lọ. Ó dùn mí débi pé n kò tíì lè jẹun tán nínú abọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo lọ. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n jókòó sí, àwọn awakọ̀ lápá kan, àwọn àgbà wa lápá kejì. Alhaji Mùádh, olórí àwọn àgbà, fẹ́ ṣàánú mi. Ó rọra bi mí pé, "Hajia, ẹni tó sá lọ sí Lomé yẹn, ṣé òun nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí?" Mo rí i lójú gbogbo wọn pé "Bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n fẹ́ kí n sọ, kí kálukú lè máa lọ sílé. Àwọn awakọ̀ náà ti ń gbọn aṣọ wọn láti dìde.

Mo dìde. Mo ní, "Munir Bákàrè, ọmọ tí mo bí, ló rán an. Èmi kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi mọ̀." Mo fi Yorùbá sọ ọ́, mo tún fi Twi sọ ọ́ kí ó lè yé àwọn awakọ̀. Mo ń sunkún, kì í ṣe àánú rẹ ló ń pa mí lẹ́kún, ìbínú ni.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti fọ géètì mi mọ́ kí n tó jí. N kò mọ ẹni náà. Àwọn tó ń da ìkòkò ti ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

O ní tí mo bá dárúkọ rẹ, mo ti bà ọ́ jẹ́. Mo ti gbọ́. Mo dárúkọ rẹ.

Ìyá rẹ,
Sàbírátù


Torino, Ítálì
14 Méè, 2024

Ìyá mi,

N kò ní ìkíni kankan. Wọ́n ti gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi. Tí mo bá wọ ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń jẹun, wọ́n á pariwo, "Chalé! Ọ̀rẹ́ wa Dísẹ́ẹ̀lì! Ẹ́ńjìn ńkọ́?" Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Mo ti dẹ́kun lílọ síbẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?

Èyí kò tó, Hàníyyà tún sọ fún mi pé ẹ ti mú Kofi wọlé. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn sì ń gbé yàrá mi. Yàrá mi! Ìwọ̀sí wo ló ju èyí lọ? Ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì bú ìyá mi ló ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Bàbá mi ló ni ọgbà yẹn, bàbá rẹ̀ ló ni ín ṣáájú rẹ̀, ogún mi ni. Ẹ lé e jáde. Ẹ fún un ní ohun tí ẹ bá fẹ́ fún un, kí ó máa lọ.

Mò ń bọ̀ wálé fún Iléyá. Tí mo bá bá a níbẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ní dáa.

Munir


Santasi, Kùmásì
2 Júùnù, 2024

Munir,

Àsàlámù aléékúmù. Tí o bá ń bọ̀, máa bọ̀. Ilé kò tì mọ́ ọ. Ìpín rẹ nínú ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, Kùránì ti pín in, n kò lè yí i padà, n kò sì gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ààrò mi kì í ṣe ogún. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ẹni tó bá wù mí ni màá kọ́.

N kò lọ pe Kofi. Mo ti sọ fún ọ pé ojoojúmọ́ ló ń wá bú mi. Á jókòó sórí táyà lẹ́nu géètì, á máa ka ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí, èmi náà á máa dá a lóhùn, nítorí ẹnu mi kò kú. Lọ́jọ́ kan ó rí mi tí mò ń yí dúrọ́ọ̀mù. Ó dìde, ó bá mi yí i dé ibi tó ń lọ, ó padà sórí táyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ èébú padà níbi tó bá a dé. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí onílé rẹ̀ lé e jáde tòun tọmọ ọwọ́, mo ní yàrá tó ṣófo, kí ni kí n fi ṣe? Kí n máa gbá a fún eruku?

Ó ti mọ epo tó ní pẹtiróòlù nínú báyìí. Ṣùgbọ́n ó máa ń kánjú, epo kò tíì tòrò tí á ti fẹ́ fà á, màá sì pariwo mọ́ ọn títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́. Òun náà á pariwo padà. Kò tíì dárí jì mí tán, ó sọ ọ́ sí mi lójú níjẹta, ó ń jẹ oúnjẹ mi lọ́wọ́. Èmi náà kò tíì dárí jì ọ́. N kò ní purọ́ fún ọ torí pé ọdún ń bọ̀.

O ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ní dáa. Wá, kí o wá wo ojú ẹni tí o sọ pé pọ́ọ́kú ló fẹ́. Òun ni kí o bá sọ̀rọ̀, má bá mi sọ ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀dì wà ní yàrá àlejò.

Lánàá, oníbàárà tuntun kan wá ra epo láti Adum. Kò mọ̀ wá rí. Ó wo Kofi nínú aṣọ dúdú, ó bi í ní Twi pé ọmọ ta ni. Mo wà nídìí ààrò, mo ń gbọ́ wọn. Kofi ní ọmọ mi lòun. N kò já a nírọ́.

Sàbírátù